Kàlàbá, ìgbín, sódábì: ọ̀rọ̀ ta ni kí aboyún gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Sábẹ ní ilẹ̀ Benin ni mo wà. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, òun sì ni àkọ́kọ́. Láti bí oṣù méjì ni kàlàbá, amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn, ti ń wù mí jẹ. Tí mi ò bá rí i lá, oorun ò ní kùn mí, ọ̀fun á kàn máa dá mi tólótóló. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa jẹ ẹ́, pé ọmọ inú mi ló ń bèèrè. Òun kan náà ló ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan ìgbín, ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ìyá tó bí mi wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ojoojúmọ́ ló ń pè pé kí n máa jẹun ènìyàn méjì. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tún gbé ìgò sódábì kan wá, ìyẹn ògógóró, tí wọ́n rẹ egbò sí, ó ní kí n máa mu ife kékeré kan láràárọ̀ kí ọmọ lè lágbára. Ọkọ mi ń wò wá, kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?

*

Kàlàbá ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun àti sódábì yẹn ló bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọ́. Nínú oyún mi kejì, ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti máa ń rà á, èyí tí wọ́n mọ róbótó bí ẹyin, tó funfun bí ẹfun. Mo máa ń pọ́n ọn mọ́ etí ìró kí ọkọ mi má baà rí i. Tí mo bá fi eyín ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí á gba imú mi, èébì tó ti ń rú sókè láti àárọ̀ á sì rọlẹ̀. Nítorí náà mi ò ní bú ọ, mi ò sì ní sọ pé ojúkòkòrò ni.

Ṣùgbọ́n amọ̀ ni. Wọ́n wà á nílẹ̀, wọ́n pò ó, wọ́n sá a. Ohunkóhun tó bá wà nínú ilẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ náà ló máa wà. Àwọn tó ti yẹ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ti rí òjé nínú rẹ̀, òjé sì máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sínú ọmọ, ọpọlọ ọmọ ló máa ń ṣe ní jàǹbá. O ò ní fi ojú rí i, o ò sì ní fi ahọ́n mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kàlàbá máa ń mú kí ìgbẹ́ le, ó sì máa ń di èròjà irin inú oúnjẹ mú nínú ikùn, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Irin yẹn lara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó sì burú jù nínú rẹ̀ nìyí: àìtó ẹ̀jẹ̀ àti kí amọ̀ máa wu èèyàn jẹ, àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó, amọ̀ ń wù ọ́. O jẹ amọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ tún dín. Báyìí ni mo ṣe ń yí bírí lójú kan náà fún oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀.

Ọjọ́ tí mo mọ̀, agbẹ̀bí fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi ìsàlẹ̀, ó wo inú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó fa ekejì. Inú ojú mi funfun bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, 8 (gíráàmù nínú désílítà) ni wọ́n kọ sínú ìwé mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ẹ̀jẹ̀ aboyún kò bá ti tó 11, tàbí 10.5 láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ wo bí mo ṣe ń pọnmi, tí mo ń lọ ọjà, tí mo rò pé oyún lásán ló ń rẹ̀ mí.

Nítorí náà, kí o tó bá ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn jiyàn, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Èyí ni ìdáhùn mi àkọ́kọ́.

*

Ẹnì kan láti Pọ́bẹ̀ ka ìdáhùn mi yìí, ó ní àwọn ìyá wa jẹ amọ̀, wọ́n bí wa, nǹkan kan ò ṣe wá, pé àwa ọmọ ìwé la fẹ́ sọ ohun tí kì í ṣe àrùn di àrùn.

Òótọ́ ni pé wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí gbogbo rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìyá wa la gbọ́ pé ó bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ? Ní agbolé wa ní Kétu, mo lè ka mẹ́ta láìronú. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀ lè pàdánù díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kó sì dìde. Ẹni tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ní tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ fi dìde? Mi ò sọ pé kàlàbá ló pa wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ò lè fi àwa tó yè ṣe ẹ̀rí nìkan, nígbà tí àwọn tó lọ ò sí níbí láti sọ tiwọn.

Ẹlòmíì ní kálísíọ́mù ló wà nínú kàlàbá, pé eegun ọmọ nílò rẹ̀. Eegun ọmọ nílò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ní Sábẹ tí o wà yẹn, àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàgásì, wàrà dídì wọn, kiri. Rà á, sè é sínú ọbẹ̀ tàbí kí o dín in dáadáa kó gbóná dé inú. Wàrà tútù tí wọn ò tíì sè ni kí o yẹra fún nísinsìnyí. Ẹja wẹ́wẹ́ tí èèyàn ń jẹ teegunteegun náà dára.

*

Ẹ béèrè bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kọ́kọ́ pín in sí méjì, ìlàjì ni mo ń jẹ lójúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo tún pín ìyẹn. Tí ọ̀fun bá dá mi, màá gé ọsàn wẹ́wẹ́, màá máa gbóòórùn rẹ̀, tàbí kí n fi ẹ̀pà sísun díẹ̀ sẹ́nu kí eyín mi lè rí nǹkan ṣe. Torí nígbà míì, jíjẹ yẹn gan-an ló ń wu ẹnu.

Mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi lójoojúmọ́. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún aboyún ni irin 30 sí 60 mílígíráàmù lóòjọ́ pẹ̀lú fọ́líìkì 0.4 mílígíráàmù. Èmi tí tèmi ti lọ sílẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbẹ̀bí ló sì sọ iye rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ọsàn ni kí o fi gbé e mì, má fi tíì tàbí kọfí gbé e mì, wọn kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Ìgbẹ́ rẹ á dúdú. Má bẹ̀rù. Mo mọ obìnrin méjì tó da oògùn yẹn nù sí ààtàn torí dúdú yẹn, wọ́n ní ó ń jó ìfun àwọn. Irin tó ṣẹ́ kù ló ń jáde, kò jó nǹkan kan.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá tó ń ta kàlàbá kọjá, mo dé ilé kí n tó rántí pé mi ò dúró.

Ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ti oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yẹ kí o lò ó kí o tó bímọ, kí oṣù kan sì máa wà láàárín. Kí o sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

*

Ó ti wá kan ìyá ọkọ.

Ohun tí wọ́n ń sọ níbi gbogbo láti Àjàṣẹ́ dé Kétu kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìgbín: ọmọ á máa da itọ́. Ẹyin: ọmọ á máa jalè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà: àwùjẹ ọmọ á máa mì. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kó máa retí. Àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí a má dá àgbà lóhùn. Mi ò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn.

Àwùjẹ gbogbo ọmọ ló ń mì, ó sì sábà máa ń dì kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Ọmọ tí eyín bá ń hù ló ń da itọ́. Ọmọ mi kejì tí mi ò jẹ ìgbín kankan nínú oyún rẹ̀, aṣọ méjì ló ń fi itọ́ rin kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Olè jíjà, ilé la ti ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta tí wọ́n kà léèwọ̀ yẹn. Ẹyin àti ìgbín wà nínú ohun tó ń fún aboyún lókun jù ní ilẹ̀ wa yìí, tí èèyàn sì lè rí láìná owó púpọ̀. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Obìnrin tí à ń wá ẹ̀jẹ̀ fún, a tún wá gba ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àwo rẹ̀.

Mo bá ìyá ọkọ tèmi jà sí i. Ní Kétu ni, nínú oyún yẹn kan náà. Ó se ọbẹ̀ ìgbín, ó bu fún gbogbo ilé, ó bu omi ọbẹ̀ lásán fún mi. Mo ní, "Ìyá, ẹran mi dà?" Ó ní ṣé mo fẹ́ bí arẹ́tọ́ fún òun ni. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Kí ni mo rí gbà níbẹ̀? Mi ò rí ìgbín jẹ, mi ò sì rí ẹni bá mi gbọ́nmi. Àṣìṣe mi ni, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó yá tí wọ́n kọ 8 yẹn fún mi, mo padà lọ kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí ọmọ méje, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. Tí mi ò bá ní jẹ ìgbín, tí mi ò ní jẹ ẹyin, kí lẹ máa fún mi jẹ tó máa ṣe iṣẹ́ wọn?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó báwo?" Mo fa ìpéǹpéjú mi hàn án bí agbẹ̀bí ṣe fà á. Obìnrin tó ti rí aboyún tó pọ̀ láyé rẹ̀, ó mọ ohun tó ń wò. Lọ́jọ́ kejì, ẹja gbígbẹ ló bò mọ́ inú ọbẹ̀ ṣọkọ mi, àkàrà ló fi jí mi, ẹ̀wà ló fi sọ̀ mí sílẹ̀ lálẹ́. Kò yọ èèwọ̀ rẹ̀ kúrò. Ó kàn fi nǹkan míì dí àyè rẹ̀, ara mi sì gbà á.

Nítorí náà, àbúrò mi, má bi ìyá ọkọ rẹ bóyá òótọ́ ni pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Bi í pé kí ló fẹ́ fi rọ́pò ẹyin. Ìbéèrè kìíní á mú kí ó gbèjà àwọn ìyá tirẹ̀. Ìkejì á mú kí ó dìde lọ sídìí ààrò.

*

Mo tún fẹ́ gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ díẹ̀, torí a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ìmọ̀ràn àgbà ló burú. Wọ́n ní kí aboyún má rìn lọ́sàn-án gangan, nítorí àwọn ẹ̀mí àìrí. Oòrùn Sábẹ láàárín àwọn àpáta yẹn ní oṣù kẹta, ó tó ìdí fún mi láìfi ẹ̀mí kún un. Wọ́n ní kí o má gbé ẹrù wúwo, wọ́n ní kí o máa sùn lọ́sàn-án, wọ́n ní kí ẹnì kan máa bá ọ pọnmi. Gba gbogbo ìyẹn, kí o sì dúpẹ́. Nígbà tí o bá ń gbọ́ tiwọn nínú èyí tó dára, wọ́n á lè gbọ́ tìrẹ nínú ìkan tàbí méjì tó kù.

*

Sódábì: rárá. Mi ò ní gùn ún. Ọtí tí ìyá bá mu, ọmọ mu ún, kò sì sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò ní pa á lára. Ife kékeré kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ṣì kéré bẹ́ẹ̀ nínú ikùn.

Egbò inú rẹ̀ ńkọ́? O ò mọ orúkọ rẹ̀, o ò mọ iye tó jẹ́. Ní ọjà Àjàrá, o lè rí ìyá eléwé mẹ́ta tó máa fún ọ ní egbò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ohun kan náà. Àwọn egbò kan ń mú inú sún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò wọ́n nígbà ìrọbí. Oyún oṣù márùn-ún ò ṣe tán láti sún. Tí àgbo kan bá wà tí o kò lè kọ̀, sọ ọ́ fún agbẹ̀bí, má fi pa mọ́ fún un.

Bí o ṣe máa kọ̀ ọ́ ńkọ́? Àbúrò ọkọ rẹ, ọkọ lo ń pè òun náà, o ò lè jù ú sí i lójú. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, dúpẹ́, gbé e fún ọkọ rẹ, kí ọkọ rẹ sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun lòun ní kí o má mu ún. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọkọ tó ń wò láìdá sí i, ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ fún un.

Ẹnì kan béèrè obì. Ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn wà nínú obì. Tí aboyún bá ń lò ju 300 mílígíráàmù rẹ̀ lọ lójúmọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó dín in kù, àmọ́ ta ló ń wọn obì? Awẹ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní bá ọ jà. Kí o máa jẹ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kí èébì má baà gbé ọ, ìyẹn pọ̀ jù.

*

Ìyá kan ní gàrí tútù ló ń wu òun, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pé ṣé òun náà burú.

Gàrí ò burú, ṣùgbọ́n kì í dá nìkan ṣe oúnjẹ. Fi ẹ̀pà sí i, fi ẹja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yé gbogbo wa ni ibi tí gàrí ń gbé. Ní 2016, ibà Lassa jà ní Tchaourou, lọ́nà tí èèyàn ń gbà kúrò ní Sábẹ lọ sí Parakou. Eku ló ń gbé e, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń kó o sínú oúnjẹ. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti gbó ló ń le fún jù. Gàrí tí a fi omi tútù rẹ kì í tún rí iná mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án, nítorí náà inú ike tí ìdérí rẹ̀ ń dún mọ́ra ni kó wà, kì í ṣe inú igbá tí a fi aṣọ bò. Kí aboyún má sì fi ọwọ́ kan eku láti pa á tàbí bó o. Ọ̀yà tí wọ́n sè dáadáa kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èyí.

*

Yìnyín: ẹ̀yin tó ń rún yìnyín lẹ́nu gbàgìgbàgì, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú kàlàbá. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Ààwẹ̀: àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ béèrè. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kí aboyún tó bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ inú rẹ̀ dúró, kó san án padà nígbà míì. Ẹ bi àlùfáà yín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, tèmi ni pé kó má gbà á.

*

"Jẹun ènìyàn méjì." Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, mo gbọ́ ọ. Ó jìnnà, kò rí ọ, oúnjẹ ló lè fi rántí rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì yẹn kéré gan-an. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a ní láti fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpápánu kan tó dára lójúmọ́ lórí oúnjẹ tí o ń jẹ tẹ́lẹ̀ tó: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà, tàbí àkàrà mẹ́rin. Òkèlè ìyán méjì kò di ọmọ méjì. Èyí tó yẹ kó pọ̀ sí i ni ẹja, ewébẹ̀ àti ẹ̀wà inú ọbẹ̀, kí mágì àti iyọ̀ sì dín, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Tí ìyá rẹ bá tún pè, ní kó fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́. Inú rẹ̀ á dùn pé òun ń bọ́ ọ.

*

Oníbèérè wa ti padà wá. Ó ní ọkọ òun ti gbé sódábì kúrò nílé, ó sì ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun bi ìyá ọkọ òun ní ìbéèrè tí mo ní kó bi, ìyẹn sì dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló ní òun á tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí òun fi etí ara òun gbọ́. Ẹ̀rù ń ba oníbèérè wa, kò mọ ohun tó yẹ kó mú dání.

Inú mi dùn dé ọkàn. Mú kàlàbá tó kù lọ́wọ́ rẹ dání, má jù ú nù lọ́nà. Gbé e sórí tábìlì kí agbẹ̀bí rí i, kí o sì sọ iye tí ò ń jẹ lójúmọ́ fún un láìyọ nǹkan kan. Kò ní bú ọ. Jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ béèrè, má já ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Rí i pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ ń ṣú, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ ń wú kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, má dúró dè é, ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Ẹ tètè jí, èèyàn máa ń pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Kí o sì jẹun kí o tó kúrò nílé. Tí ìyá ọkọ rẹ bá ti gbà fún ọ nígbà yẹn, ẹyin bíbọ̀ méjì.